Báìkì eléré àti báìkì ìrìnàjò: ibo ni agbára wọn ń gbé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra páwà-báìkì tí yóò máa gùn lójú títì, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èwo ló sáré jù?" Ìbéèrè yẹn kò gbé nǹkan kan jáde, nítorí gbogbo wọn ló lè sáré ju ohun tí òfin ojú pópó fàyè gbà lọ, yálà Èkó ni wọ́n ti ń gùn ún tàbí London. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni ibi tí agbára báìkì náà fi ṣe ibùgbé. Àwọn kan wà tí agbára wọn ń gbé níbi tí ẹni tó ń gùn wọ́n ń kọjá lójoojúmọ́. Ti àwọn mìíràn ń gbé òkè réré, níbi téèyàn kì í sábà dé àfi lórí pápá ìdíje.

Yamaha, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, ti ṣe méjì tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. R6 jáde ní 1999. Báìkì eléré pọ́ńbélé ni, ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. FJR1300 tẹ̀ lé e ní 2001, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní sport-touring, ìyẹn báìkì tó lè sáré, tó sì tún lè gbé ẹni méjì pẹ̀lú ẹrù wọn rin ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ní kí àwọn èèyàn nàka sí èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì, R6 ni ọ̀pọ̀ máa nàka sí. Wọ́n ti ṣì í. Agbára ẹṣin R6 jẹ́ nǹkan bí 118, ti FJR1300 sì lé ní 140.

Ọ̀nà méjì ni ẹ́ńjìnnì fi ń rí agbára. Nígbàkigbà tí epo bá gbiná nínú sílíńdà, á ti písítìnì sísàlẹ̀, písítìnì á sì yí ọ̀pá tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Bí ìyí yẹn ṣe le tó ni ipá ìyí, Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ipá ìyí yìí, lọ́nà iye ìgbà tí ọ̀pá náà yípo ní ìṣẹ́jú kan, ló ń di agbára ẹṣin. Ẹ wo àwọn méjì tó ń gúnyán: ọ̀kan gbé ọmọ odó ńlá, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, èkejì mú ọmọ odó kékeré, ó ń gún un kíkankíkan láìmí. Iyán àwọn méjèèjì lè kúnná lákòókò kan náà, àmọ́ a mọ ẹni tí òógùn máa bò.

R6 ni ẹni kejì yẹn. Písítìnì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 67, àmọ́ mìlímítà 42.5 péré ló ń rìn ní àlọ, kó tó tún padà. Ìrìn kúkúrú yìí ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà lè yípo ní nǹkan bí ìgbà 16,000 ní ìṣẹ́jú kan kó má fọ́. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ kò fi títì sọ́kàn rárá. Ìdíje Supersport ni wọ́n ń wò, níbi tí òfin ti sọ nígbà náà pé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju 600cc lọ, ìyẹn àpapọ̀ àyè inú àwọn sílíńdà rẹ̀. Nígbà tí wọn ò lè mú ọmọ odó tó tóbi sí i, wọ́n ní kí èyí tó wà lọ́wọ́ máa yára. FJR kò sí lábẹ́ òfin ìdíje kankan. 1,298cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, písítìnì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 79, ó sì ń rin mìlímítà 66.2.

Ibi tí eléyìí ti ń kan ẹni tó ń gùn ún rèé. Ipá ìyí R6 kò kọjá 61.7 Nm, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yípo ní 10,500 ló tó dé bẹ̀. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò pé títí tí yóò fi dé 14,500. FJR ní 138 Nm ní 7,000, agbára ẹṣin rẹ̀ sì pé ní 8,000. Lójú títì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà láàárín 3,000 sí 5,000. Níbẹ̀, R6 ṣì ń sùn. Tí tírélà bá wà níwájú lórí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tó wà lórí R6 gbọ́dọ̀ já jíà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ké bí ìgbà tí wọ́n ń pa á, kó tó lè fò kọjá. Ẹni tó wà lórí FJR kàn máa fún un níná díẹ̀ ni, kò ní fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì. Jíà kìíní R6 nìkan lè gbé e kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ máìlì 70, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 112, ni òfin mọ́tọ́wéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ. Ibi tí adùn ẹ́ńjìnnì náà wà nínú jíà márùn-ún tó kù, owó ìtanràn ló wà níbẹ̀.

Ìjókòó ló kàn, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ìdarí báìkì eléré máa ń wà nísàlẹ̀, ibi ìtẹ̀sẹ̀ á wà lókè lẹ́yìn. Ó nídìí. Bí ara bá tẹ̀ síwájú, ìwọ̀n rẹ̀ á lọ sórí táyà iwájú, táyà náà ò sì ní fẹ́ gbéra nílẹ̀ tí iná bá pọ̀. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó ga kì í ha ilẹ̀ tí báìkì bá tẹ̀ gidigidi sí kọ́nà. Bí eré bá sì ti le, afẹ́fẹ́ á máa ti àyà ẹni tó wà lórí rẹ̀ sókè, á sì gba ìwúwo kúrò lọ́wọ́ ọrùn ọwọ́. Ìdí nìyí tí báìkì tó ń dá èèyàn lóró nínú ìlú fi máa ń dẹ̀ lára lójijì lọ́nà tó ṣí sílẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa ti ẹnikẹ́ni. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì ló máa gbé gbogbo ara òkè, kílọ́ọ̀ṣì á tún wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá lo wákàtí kan bẹ́ẹ̀ láàárín Ọjọ́ta àti Bẹ́gà, ìka rẹ̀ á máa kú tipiri.

Orí FJR, ẹ̀yìn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, orúnkún ò ká jù, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ń fi iná mànàmáná lọ sókè sódò. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tí gíláàsì dí mọ́ èèyàn náà ni ì bá gbé ooru ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn FJR tó jáde ṣáájú 2006 lókìkí fún sísun ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn wọ́n, kí Yamaha tó tún ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde ṣe.

Kí á má tan ara wa, ìwọ̀n ni FJR ti ń pàdánù. Tí epo bá kún inú méjèèjì, R6 jẹ́ nǹkan bí kílò 190, FJR sì sún mọ́ 290. Ọgọ́rùn-ún kílò yẹn kò hàn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ tì í sẹ́yìn lórí iyanrìn, tàbí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí géètì, ló tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dá a dúró. Ó tún gùn: mìlímítà 1,545 ló wà láàárín àárín táyà rẹ̀ méjèèjì, ti R6 jẹ́ 1,375. Èyí tó gùn kì í mì lórí eré, àmọ́ kì í yára yí. Èyí tó kúrú ń yí bí ejò. Síbẹ̀, nínú àdúgbò tóóró, R6 náà ní ìṣòro tirẹ̀: ọwọ́ ìdarí rẹ̀ kì í yí jìnnà, nítorí á kan táǹkì. Bí àlejò kò bá mọ̀ ọ́n, á fi ọwọ́ há síbẹ̀.

Ti táyà máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìwọ̀n kan náà ni táyà méjèèjì: 120/70 iwájú, 180/55 ẹ̀yìn, onínṣì 17. Ohun tó yàtọ̀ ni rọ́bà. Táyà ìdíje rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Lójú títì, pàápàá nínú òjò, kì í gbóná tó. Táyà sport-touring le láàárín, níbi tó ń kan ilẹ̀ lójoojúmọ́, ó rọ̀ létí fún kọ́nà, ojú rẹ̀ sì ní ihò tó ń lé omi jáde. Nítorí ìwọ̀n wọn bára mu, ẹni tó ní R6 lè fi táyà ìrìnàjò sí i, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àtúnṣe téèyàn lè ná owó lé lórí báìkì eléré, kò sí èyí tó wúlò tó o.

Epo náà ní ìṣirò tirẹ̀. Táǹkì R6 ń gba lítà 17, ti FJR ń gba 25. Tí méjèèjì bá ń jẹ lítà mẹ́fà ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, R6 á kú ní nǹkan bí 280, FJR á sì kọjá 400. Láti Èkó dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 300. Ẹ́ńjìnnì R6 tún ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 13.1 kó tó gbiná, ti FJR jẹ́ 10.8. Bí ó bá ṣe fún un tó ni epo ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbiná kí àkókò rẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan gbà-gbà-gbà. Ṣéènì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn R6, ó sì ń fẹ́ òróró àti fífà déédéé. Ọ̀pá irin tí wọ́n bò mọ́nú ni FJR ń lò, eruku kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èrò ẹ̀yìn? Ẹni tó bá gbé ìyàwó rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn R6 dé Ìbàdàn ni kó ròyìn.

Ẹni tí kílò 290 bá ń bà lẹ́rù kò ní láti sá lọ bá R6. Tracer 9 GT, tí Yamaha gbé jáde ní 2021, wúwo tó nǹkan bí kílò 220, onísílíńdà mẹ́ta ni, 890cc. Agbára ẹṣin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti R6 dọ́gba gẹ́lẹ́, àmọ́ 10,000 ló ti ń pé, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sì ga. Fún ẹni tó ń fi báìkì lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí ló bọ́gbọ́n mu jù. R6 yẹ ẹni tó ń lọ sí pápá ìdíje, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú fún wákàtí kan, tó sì dá a padà sínú ilé.

Ẹni tó bá jẹ́ pé R6 náà lọkàn rẹ̀ yàn, kó mọ̀ pé lẹ́yìn 2020, Yamaha kò ta èyí tó wà fún ojú títì mọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Tòkúnbọ̀ ni èyí tó máa rí, ó sì ṣeé ṣe kó ti dé pápá rí. Kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì. Tí ihò tín-ín-rín bá wà lára rẹ̀, ihò wáyà tí àwọn olùdíje fi ń dè é kó má baà tú ni. Kó yí ọwọ́ ìdarí dé òpin lápá méjèèjì, kó wo ibi tó ti ń kan férémù. Tí irin ibẹ̀ bá ti tẹ̀, báìkì náà ti ṣubú lulẹ̀ gidi rí, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ máa dán tó.