Kéèkì Ti Délẹ̀, Orúkọ Ọmọ Ńkọ́?

Bí sáà SS3 bá ti ń lọ sópin, ọ́fíìsì mi kì í gba èrò. Ìyá kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na fóònù sí mi, fọ́tò kéèkì olókè mẹ́ta tó fẹ́ fi ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ rẹ̀ ni. Mo ní ó dára. Mo wá bi ọmọ léèrè nọ́ńbà NIN rẹ̀. Ọmọ wo ojú ìyá, ìyá wo òkè àjà. "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mọ ibi tó wà, Káńsẹ́lọ̀." Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀hún sì rèé, Kano ló ń gbé.

Ọdún kejìlélógún tí mo ti ń ṣe káńsẹ́lọ̀, ẹni tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, níléèwé girama ní Ìlọrin yìí nìyí. Àwọn ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá wà ní UNILORIN, ní KWASU Màlété, ní Pólì Ọ̀fà. Òmíràn ti di dókítà tó ń kọ oògùn fún mi. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí a bá ní kí n sọ ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ kó tó kúrò nílé lọ sí iléèwé gíga, àwọn kan á fẹ́ kí n kọ nípa oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti owó ṣíṣọ́. Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ẹ̀bà tẹ̀ nílé, ebi Màlété á kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá ná owó oṣù kan tán lọ́jọ́ mẹ́ta ní Tankẹ, gààrí gbígbẹ á là á yé e. Kódà ìdánwò tí ọmọ fìdí rẹmi, ó lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Orúkọ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ wo bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ nílùú yìí. Nílé, Àlàkẹ́ ni. Ní ilé kéú, Rọ́fíátù. Olùkọ́ pírámárì kọ ọ́ ní Rafiat. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba NIN, ẹni tó mú un lọ pè é ní Rofiat, akọ̀wé ibẹ̀ tẹ Rofiyat. Tí a bá wá dé orí orúkọ ìdílé, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu: bàbá ń jẹ́ orúkọ bàbá tirẹ̀, àbúrò bàbá ń jẹ́ orúkọ agboolé, ọmọ sì mú orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀ fi parí tirẹ̀. Èwo ni kí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́?

JAMB kì í bi ọmọ léèrè bó ṣe ń jẹ́. Inú NIN ló ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yọ, bó bá ṣe bá a ló ṣe máa gbé e. Bí WAEC bá wá wí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọ ti di ènìyàn méjì nìyẹn, ìwé ẹ̀rí ọ̀kan kò sì ní gba ọ̀kejì wọlé.

Ní sáà tó kọjá, mo tẹ́ ìwé ọmọkùnrin kan sórí tábìlì: ìwé ìbí, ìwé NIN, ìwé ìforúkọsílẹ̀ WAEC. Abdulraheem, Abdul Rahim, Abdulrahman. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀?" Mo ní Alhaji, Ar-Rahman àti Ar-Raheem, orúkọ Ọlọ́run méjì ni, áfà tó sọ ọmọ yín lórúkọ kò ní gbà pé ọ̀kan ni wọ́n. Ojú tì í ju bí mo ṣe rò lọ.

Àsìkò tó yẹ kí ẹ tún un ṣe ni kí WAEC tó gba orúkọ. Bó bá ti wọ inú ìwé ẹ̀rí tán, ẹ ti di alárìnkiri. Ọjọ́ ìbí tún burú ju orúkọ lọ: owó àtúnṣe rẹ̀ ní NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, wọ́n ju ti orúkọ lọ, wọ́n á sì ní kí ẹ mú ìwé wá láti NPC, àjọ tó ń kọ ìbí sílẹ̀. Àwọn òbí tó ń fi ọdún kan tàbí méjì kún ọjọ́ orí ọmọ nítorí pé JAMB ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 16, mo ń kí yín o. Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń di ẹrù ọ̀hún, orí ọmọ lẹ ó sì gbé e lé.

Fóònù wá kù. Bí ọmọ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, láti orí nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kó ti kọ NIN, kó fi àyè kan sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà NIN rẹ̀ tó jẹ́ dígíìtì 11, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Àmì ìdánimọ̀ (profile code) tí wọ́n á dá padà, tirẹ̀ ni. Kì í ṣe ti ìyá, kì í ṣe ti ọmọkùnrin kàfé tí ẹ ń pè ní "ẹni wa".

Ọmọ ẹlẹ́kọ kan wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, tí mi ò lè gbàgbé. Orí rẹ̀ pé, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, àmì rẹ̀ ní JAMB sì lé ní 250. Ẹni wa kan ní kàfé bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi sí i, í-méèlì tirẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó ní kí wàhálà má baà pọ̀ fún ọmọ. Ó ju káàdì SIM yẹn nù, ó kó lọ sí Èkó. Ọmọ ń ru ẹ̀kọ, ó ń ṣí fóònù rẹ̀ wò lójoojúmọ́, ìpolówó nìkan ló ń wọlé. Ìgbà tó wá bá mi, tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ọmọkùnrin yẹn rí, a ṣí CAPS, ojú òpó JAMB tí ọmọ ti ń rí àyè tí iléèwé fún un, tó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á: wọ́n ti fún un ní àyè. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fún un. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á, ọjọ́ ti kọjá. Kò sunkún. Ó bi mí bóyá ìyá òun gbọ́dọ̀ mọ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ìyá ọ̀hún ti ra hàǹtú fún un mu. Mi ò bá àdúrà jà, ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n hàǹtú kì í tẹ bọ́tìnnì lórí CAPS. Kẹ́ ẹ sì má rò pé àwọn Kristẹni sàn jù: wọ́n ń gbé bírò wá fún wòlíì kó ta òróró sí i, fún ìdánwò tó jẹ́ pé láti 2015 ni JAMB ti fi ti orí ìwé sílẹ̀ pátápátá! Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ò ní mú bírò yẹn wọ gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, láti aago mẹ́jọ, mo wà ní ọ́fíìsì. Ẹ mú ìwé ìbí wá, ẹ mú ìwé NIN wá, kí ọmọ sì gbé fóònù tirẹ̀ dání. Ẹ fi fọ́tò kéèkì sílé.