Dókítà Kábà Kọ Ìwé, Ẹ Ní Amẹ́ríkà Á Sanwó?

Láti Kábà títí dé Ìsánlú, ẹ ò ní jókòó pẹ́ láàárín àwọn tó lọ́mọ ní Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ: kí màmá gba ìwé lọ́wọ́ dókítà níhìn-ín kí wọ́n tó wọ bààlúù, torí tí ìwé yẹn bá ti dọ́hùn-ún, ìjọba á máa sanwó fún ọmọ tó ń tọ́jú wọn nílé. Ti físà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọlé ò sí nínú ètò náà, ẹni tó ní Green Card pàápàá lè ní láti dúró fún ọdún 5. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Ètò méjì ni wọ́n ń pò mọ́ra. Medicare, tí àwọn tó ti pé ọdún 65 ń lò, kì í sanwó fún ọmọ. Ilé iṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì tàbí onífísíò wá sílé ni Medicare ń sanwó fún. Olùrànlọ́wọ́ tó ń wẹ aláìsàn máa ń bá wọn wá, àmọ́ àpapọ̀ wákàtí òun àti nọ́ọ̀sì kì í sábà kọjá 28 lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ oúnjẹ sísè àti jíjókòó ti màmá nìkan lẹ ń wá, Medicare ò dá sí i. Medicaid ni ti àwọn tí ò rí já jẹ, ibẹ̀ làwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sanwó fún ọmọ tàbí ẹbí. Ní California, IHSS lorúkọ ètò náà. Fọ́ọ̀mù SOC 873 ni dókítà máa kọ, ọjọ́ 45 ni wọ́n sì máa ń fún èèyàn láti dá a padà. Ẹni tí California fún níwèé àṣẹ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Dókítà Kábà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló fún un ní tiẹ̀.

Ẹ tún wò ó: lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé ọ̀hún, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn á wá sílé. Á bi màmá bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, ta ló ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń ka wákàtí tí wọ́n máa sanwó fún, kò sì lè kọjá 283 lóṣù. Dókítà tó bá kọ ọ́ gàdàgbà pé "wákàtí 24 lójúmọ́" kàn fi yíǹkì ṣòfò ni.

Ibi tí mi ò mọ ohun tí màá tún sọ sí ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Medicare tó gbà, dókítà, tàbí nọ́ọ̀sì onípò gíga láti ọdún 2020, gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé aláìsàn ò lè ṣàdédé kúrò nílé. Làwọn èèyàn wa bá ní kí màmá má jáde mọ́, kí wọ́n má lọ sí ìsìn, kí aládùúgbò má rí wọn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí òfin ń bi yín ni pé: ṣé wọ́n nílò wókà, kẹ̀kẹ́ tàbí ẹni tó máa dì wọ́n mú kí wọ́n tó jáde, àbí àìsàn wọn ò fàyè gba ìjáde? Ṣé ìjáde sì máa ń tán wọn lókun? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lọ sí òkú, wọ́n lè lọ gẹ irun, bí kò bá ti ṣe lemọ́lemọ́. Ìsìn ní tiẹ̀, òfin dárúkọ rẹ̀ ní pàtó pé kò ba nǹkan kan jẹ́. Kò tiẹ̀ ka wákàtí, èyí tó dáa fún ẹni tó bá mọ bí ìsìn ìdúpẹ́ ṣe ń gùn tó nílẹ̀ Òkun wa ní Kábà níbí.

Irọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọmọ á sọ fún nọ́ọ̀sì pé màmá kì í jáde, màmá á sì máa ròyìn ìwàásù Sunday. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti wọ inú fáìlì nìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé: wọ́n ń lo wókà, ọmọ ń dì wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rin, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé ibi ọkọ̀, wọ́n sì ń sinmi kí wọ́n tó lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ ra iṣu ńkọ́? Kí ni dókítà fẹ́ kọ sí i?

Medicare tún ní kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì onípò gíga rí aláìsàn lójúkojú, láàárín ọjọ́ 90 ṣáájú kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀, lórí àìsàn yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ ojú ni wọ́n lọ wò, tí ìtọ́jú wá jẹ́ ti ẹsẹ̀, owó lè má jáde. Ọjọ́ 60 ni ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ń lò, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un jẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ti ìpínlẹ̀ tí ọmọ yín wà yàtọ̀ díẹ̀, ọ́fíìsì Medicaid ibẹ̀ ni kó ti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń gbowó pé òun mọ dókítà tó máa fọwọ́ sí i láìrí màmá. Ẹ̀rí èké ẹ̀sùn ọ̀daràn ni lọ́hùn-ún, ọmọ yín náà sì lè jẹ́jọ́.

Ìwé dókítà Kábà ṣì wúlò o, fún ìtàn àìsàn. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn àti mílígíráàmù rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń lọ sókè tó, ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ dé. Inú báàgì ọwọ́ ni kí màmá fi sí, wọn ò gbọ́dọ̀ dì í mọ́ ẹrù abẹ́ bààlúù.