Hoàng Anh Gia Lai, tíìmù bọ́ọ̀lù ìlú Pleiku

Hoàng Anh Gia Lai, tí gbogbo èèyàn ń pè ní HAGL, jẹ́ tíìmù bọ́ọ̀lù tó ń gbá V-League, ìyẹn líìgì àgbà ilẹ̀ Vietnam. Pleiku nilé wọn, ní ìpínlẹ̀ Gia Lai, lágbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Tây Nguyên. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀, kọfí, rọ́bà àti ata dúdú ni wọ́n ń gbìn, àwọn ẹ̀yà Jarai àti Bahnar ló sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí àwọn Kinh tó pọ̀ jù ní Vietnam tó máa ya wọ̀lú. Ibẹ̀ jìnnà gan-an sí Hanoi, ó jìnnà sí Ho Chi Minh City náà, torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń pè wọ́n ní tíìmù ìlú orí òkè. Pápá Pleiku tí wọ́n ń lò gba nǹkan bí 12,000 èèyàn.

Ọdún 1976 ni wọ́n dá tíìmù náà sílẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun Vietnam parí. Gia Lai àti Kon Tum ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo nígbà yẹn, orúkọ méjèèjì ni tíìmù ń jẹ́, nígbà tí wọ́n wá pín ìpínlẹ̀ náà sí méjì ní 1991, Gia Lai nìkan ló kù lára orúkọ. Ìjọba ló ń bọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń bọ́ gbogbo tíìmù ìpínlẹ̀ nígbà yẹn, ìsàlẹ̀ líìgì ni wọ́n sì ń gbá ṣáá.

Bầu Đức dé

Ẹni tó yí gbogbo ẹ̀ padà ni Đoàn Nguyên Đức, oníṣòwò tí wọ́n bí ní 1963 ní ìpínlẹ̀ Bình Định. Àga àti tábìlì ilé ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló bá bọ́ sórí pákó, ló bá tún bọ́ sórí ilé kíkọ́, títí tó fi di ọ̀kan lára àwọn olówó tó tóbi jù ní Vietnam. Ní 2008 ó ra ọkọ̀ òfuurufú tara ẹ̀, ará Vietnam àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bầu Đức ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ni "bầu" látilẹ̀wá, ẹni tó ń gbówó kalẹ̀ tó sì ń kó àwọn òṣèré rìn káàkiri, nígbà tó yá ni wọ́n gbé orúkọ náà fún àwọn olówó tó ń ṣagbátẹrù bọ́ọ̀lù, ká ṣáà sọ pé baba ìsàlẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ ẹ̀, Hoàng Anh, gba tíìmù náà ní 2001, V-League ṣẹ̀ṣẹ̀ di líìgì tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù jẹun gidi ni. Ní 2002, HAGL ṣì wà ní ìpele kejì tó fi lọ gbé Kiatisuk Senamuang wá láti Thailand. Kiatisuk yìí, tí wọ́n ń pè ní Zico, ni agbábọ́ọ̀lù iwájú tó lórúkọ jù ní gbogbo Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó ti dé Huddersfield rí ní England bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fún un ní eré líìgì kankan gbá níbẹ̀. Kí irú ẹ̀ wá máa gbá bọ́ọ̀lù ìpele kejì ní Pleiku, ọ̀rọ̀ tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni, àmọ́ owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Wọ́n gòkè, wọ́n kó àwọn ará Thailand mìíràn bíi Dusit Chalermsan wá, wọ́n gba líìgì ní 2003 tó jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gòkè, wọ́n tún gbà á ní 2004. Wọ́n gbá Champions League ilẹ̀ Éṣíà ní 2004 àti 2005.

Lẹ́yìn ìyẹn àwọn olówó mìíràn náà jí, tíìmù Long An gba líìgì ní 2005 àti 2006, tíìmù Bình Dương gbà á ní 2007 àti 2008. HAGL ò gba líìgì mọ́ látìgbà yẹn.

Akadẹ́mì

Ní 2007 Bầu Đức yí ọwọ́ padà. Òun àti Arsenal ti London pẹ̀lú JMG, iléeṣẹ́ Jean-Marc Guillou ará Faransé, jọ ṣí akadẹ́mì kan ní Hàm Rồng lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pleiku. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, torí Abidjan ni Guillou ti kọ́kọ́ dán ọgbọ́n yìí wò lábẹ́ tíìmù ASEC Mimosas ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kolo Touré, Yaya Touré, Zokora, Eboué, Gervinho, Salomon Kalou, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti jáde, ní 1999 sì rèé, àwọn ọmọ akadẹ́mì yẹn ni ASEC kó bọ́ sí pápá tí wọ́n fi na Espérance ti Tunisia 3-1 nínú Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Ti Arsenal náà kì í ṣe àjèjì, Arsène Wenger ti ṣe igbákejì Guillou rí ní Cannes.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Abidjan náà ni wọ́n gbé lọ sí Pleiku. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wá dánwò láti gbogbo Vietnam, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mú. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ bọ́ọ̀lù dáadáa, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù sókè láìjẹ́ kó balẹ̀, wọ́n ń gbá a fún ara wọn ní kúkúrú kúkúrú, wọn ò sì bìkítà fún pé ta ló ga tàbí ta ló lágbára. Guillaume Graechen, kọ́ọ̀ṣì ará Faransé, ló kọ́ wọn. Lára àwọn àkọ́kọ́ ni Nguyễn Công Phượng, Lương Xuân Trường, Nguyễn Tuấn Anh, Nguyễn Văn Toàn àti Vũ Văn Thanh. Ní October 2013 tí tíìmù U19 Vietnam, ìyẹn ti àwọn ọmọ tí ò tíì pé ogún ọdún, na Australia 5-1, àwọn ọmọ yìí ló pọ̀ jù níbẹ̀, gbogbo ìlú sì ya wèrè lé wọn lórí.

Ní 2015 Bầu Đức ṣe bí ASEC, ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà lọ ó sì kó àwọn ọmọ náà sínú tíìmù ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Eré àkọ́kọ́, wọ́n na Khánh Hòa 4-2 nílé, èrò kún pápá títí dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n líìgì kì í ṣe bọ́ọ̀lù ọmọdé, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá wọn dànù, ipò 13 nínú 14 ni wọ́n parí sí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já bọ́. Tí a bá máa sòótọ́, ó yẹ kí wọ́n ti fi àgbà díẹ̀ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 2016 wọ́n yá Công Phượng fún Mito HollyHock àti Tuấn Anh fún Yokohama FC ní Japan, wọ́n yá Xuân Trường fún Incheon United ní Kòríà.

Ibi tí èrè náà ti hàn ni tíìmù orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ Park Hang-seo, kọ́ọ̀ṣì ará Kòríà, U23 Vietnam dé fáìnà ìdíje Éṣíà ní Changzhou ní 2018, Xuân Trường ni káfútẹ́nì, Văn Thanh ló gbá pẹ́náritì tó yọ Qatar, kí Uzbekistan tó wá na wọ́n 2-1 nínú yìnyín. Lọ́dún yẹn kan náà Vietnam gba ife AFF, ìyẹn ife àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. HAGL ò rí ife kankan gbé nínú gbogbo ẹ̀ o, àwọn ọmọ wọn ni gbogbo ilẹ̀ náà ń kọrin fún.

Kiatisuk tún padà

Ní 2021 Kiatisuk padà wá gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yẹn sì ti gbó dáadáa. Eré 12, pọ́ìntì 29, àwọn ló wà lókè líìgì pẹ̀lú pọ́ìntì 3 níwájú tíìmù Viettel, ni kòrónà bá tún gbóde, wọ́n fagi lé sísìnì náà pátápátá, wọ́n sì ní àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ife. Ìgbà yẹn ni wọ́n sún mọ́ ife líìgì kẹta jù. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni Champions League ilẹ̀ Éṣíà 2022, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Jeonbuk ti Kòríà, wọ́n sì na Sydney FC 1-0.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tú ká. Công Phượng lọ Yokohama FC, Văn Toàn lọ Seoul E-Land, Văn Thanh lọ Công An Hà Nội, Hồng Duy àti Tuấn Anh bọ́ sí Nam Định, ní January 2024 Kiatisuk fúnra ẹ̀ náà lọ sí Công An Hà Nội. Iléeṣẹ́ Bầu Đức náà ti jẹ gbèsè ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti padà sórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi bọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ní sísìnì 2023–24, báǹkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbówó kalẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ LPBank HAGL.

Ní July 1, 2025, ìjọba Vietnam da Gia Lai àti Bình Định pọ̀ di ìpínlẹ̀ kan, Gia Lai náà ló ń jẹ́, àmọ́ Quy Nhơn tó wà létí òkun ni olú-ìlú ẹ̀. Ibi tí wọ́n bí Bầu Đức àti ibi tí tíìmù ẹ̀ ń gbé ti wá di ìpínlẹ̀ kan náà.