Ìfun àdáṣe kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí

Bí okùn inú ògóóró ẹ̀yìn èèyàn bá fara gbọgbẹ́, yálà lórí ọ̀kadà ní Nyanya tàbí nínú mọ́tò tó gbòkìtì lọ́nà Lokoja, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni wọn kì í la yé ẹbí dáadáa. Ìfun tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ mọ́ ni àwọn dókítà ń pè ní neurogenic bowel. Àwa Yorùbá tó wà lápá Abuja níbí, láti Kubwa dé Mararaba, ti sọ ọ́ di jẹ̀díjẹ̀dí.

Jẹ̀díjẹ̀dí kẹ̀! Ọkùnrin kan tó fara pa bẹ́ẹ̀ ò ṣe gáà fún ọjọ́ mẹ́rin, ikùn rẹ̀ wú, ó le, ni àbúrò rẹ̀ bá lọ ra àgbo oníke kan ní gáréèjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìgbẹ́ ti kún orí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó ń fọ fóòmù títí di ọ̀sán, àwọn ará ilé sì ń dúpẹ́ pé oògùn náà jẹ́. Kí ló jẹ́ níbẹ̀?

Àwọn tó kàwé ò sàn jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà, ẹnì kan kọ “ìfun níúrójẹ́níìkì”, àfi bí ẹni pé téèyàn bá ti fi àmì ohùn sórí Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di Yorùbá nìyẹn. Òmíràn ní “ìfun olóríkunkun”, ó ń bá ìfun wí, bẹ́ẹ̀ ojú ti ń ti aláìsàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń túmọ̀ ètò ìlera fún rédíò kò fi “ìfun arọ” sílẹ̀, a sì ti jà sí i kọjá kékeré. Arọ ni ẹni tí kò lè rìn. Ìfun yìí ń rìn! Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn wà nínú ògiri ìfun fúnra rẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì ń ti oúnjẹ lọ bí ọpọlọ ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìfun àdáṣe: ó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò jábọ̀ fún orí, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Ọ̀rẹ́ mi ní àdáṣe dà bí oríyìn. Kó dá ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe láìpe àwọn àgbà ná, yóò mọ̀ bóyá oríyìn ni.

Ẹ wo ilé ńlá kan ní Gwarinpa. Ọ̀gá, ìyẹn ọpọlọ, wà lókè; mẹ́gáàdì, ìyẹn ìparí okùn inú ògóóró ẹ̀yìn, wà ní géètì ẹ̀yìn, ìyẹn ihò ìdí; wáyà fóònù, ìyẹn okùn náà, ló so wọ́n pọ̀. Bí wáyà yẹn bá já, mẹ́gáàdì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbóhùn ọ̀gá mọ́. Yóò ti géètì pa, ẹrù yóò máa kún ọgbà, àfi tẹ́nì kan bá kàn án kó tó ṣí i. Ẹni tí ògóóró ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa níbi ọrùn tàbí àyà nìyẹn. Ìka tí a fi ìbọ̀wọ́ àti jẹ́lì bò, tí a rọra yí nínú ihò ìdí, ni kíkàn géètì. Bó bá wá jẹ́ mẹ́gáàdì gan-an ni ìjàǹbá gbé lọ, géètì yóò máa fì, ohun tó bá dé ibẹ̀ yóò máa jáde. Ìbàdí ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí okùn náà parí sí, lágbègbè egungun ògóóró ẹ̀yìn kìíní sí ìkejì lápá ìbàdí. Kíkàn ò wúlò fún irú èyí, ìka ni yóò rọra kó ìgbẹ́ jáde. Àwọn kan ṣì ń pín in wẹ́wẹ́ ju báyìí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pín in.

Géètì iwájú ń kọ́, níbi tí oúnjẹ ń gbà wọlé? Wáyà tirẹ̀ yàtọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti gba ọrùn wá, kò gba inú ògóóró ẹ̀yìn rárá, ó sì dé àpòlúkù, ìfun kékeré àti apá àkọ́kọ́ ìfun ńlá. Ìyẹn ló fi ń jẹun tó sì ń dà. Lóòótọ́, bí ọgbẹ́ bá ga dé ọrùn, oúnjẹ a máa pẹ́ nínú àpòlúkù, òkèlè díẹ̀ á sì ti yó o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ lè dúró gbọn-in, ẹ má fipá fún un lóúnjẹ nígbà náà.

Ohun tó ń ran ìfun àdáṣe lọ́wọ́ ni àsìkò kan náà, lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì-kejì, ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Tí kunu gbígbóná bá dé àpòlúkù, ìfun ńlá á jí. Bó bá ṣeé ṣe, kó jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kó má dùbúlẹ̀.

Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní egungun ògóóró ẹ̀yìn kẹfà lápá àyà tàbí lókè rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Ìgbẹ́ tó dì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lójijì, orí á máa lù ú, òógùn á bo ojú, ẹbí á sì ní ibà ni. Ẹ gbé e jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ìtọ̀ ti ká. Bí kò bá rọlẹ̀, ọsíbítù ni. Ẹ sọ iye tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà òkè ọ̀pọ̀ wọn ò ju 90 sí 110 lọ lójoojúmọ́, nítorí náà 140 tí nọ́ọ̀sì lè fojú kéré ti pọ̀ jù fún un.