Ṣé Òyìnbó Ló Kọ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Òṣogbo Níṣẹ́?

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Òṣogbo bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà ní, “Ṣebí òyìnbó ló kọ́ wọn.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àwòrán pàápàá. Inú máa ń bí mi sí i gan-an, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í béèrè ohun tí ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ti mọ̀ kó tó di pé òyìnbó bá wọn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún 1962 ni Mbari Mbayo, ilé ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo, pẹ̀lú Dúró Ládípọ̀ òṣèré àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, àti pé Georgina Beier, òyìnbó bíi tirẹ̀, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ lọ́dún 1964, tó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Twins Seven Seven wà níbẹ̀, Muraina Oyelami wà níbẹ̀, Jimoh Buraimoh náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ta ló ń fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ tó fi ń jẹun dọjọ́ alẹ́?

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Buraimoh. Iná orí ìtàgé ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ orí pátákó ló sọ ọ́ di olókìkí. Níbo ni ìlẹ̀kẹ̀ ti wá? Ẹ sún mọ́ adé ọba kan dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń ṣe l'Ẹ́fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó ṣe é kò to ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ sín in sójú okùn, aláwọ̀ kan náà, ó tẹ́ okùn náà sórí aṣọ tó bo egungun adé, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Òmíràn á sùn tì í, òmíràn á tún sùn tì í, títí ojú aṣọ fi kún. Bí okùn bá le jù, ìlẹ̀kẹ̀ á gbéra níbi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Bó bá dẹ̀ jù, aṣọ á hàn láàárín. Ẹ wá wo iṣẹ́ Buraimoh: ìlà ìlẹ̀kẹ̀ ń yí ojú èèyàn po, ọ̀kan ń tọ ọ̀kan lẹ́yìn. Pátákó ló gba ipò aṣọ, gọ́ọ̀mù gba ipò abẹ́rẹ́. Àrà tuntun ni, òun ló dá a. Ayàwòrán ni Georgina Beier, kì í ṣe onísọ̀nà adé.

Alágbẹ̀dẹ ni Asiru Olatunde kó tó máa lu àwòrán sára páànù alumíníọ̀mù. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì sì ti wà lára ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kí Akanji tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ère. Susanne Wenger fúnra rẹ̀, òyìnbó ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ọgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ àwọn obìnrin wa ló fi ya aṣọ.

Mi ò ní àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pèsè ohun èlò, wọ́n wá oníbàárà, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sókè òkun. Ó ṣeé ṣe kí Asiru má gbajúmọ̀ láìsí wọn. Èwo ni tiwọn, èwo ni ti ilé? Bóyá ni ẹnikẹ́ni lè pín in gún régé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹni tó ń tajà bá ń fi orúkọ òyìnbó gbé owó lérí ọjà, ẹ bi í pé ta ló ṣe é gan-an, ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni, ẹ wò ó níbi tí ìlà ti ṣẹ́ kọ́nà. Èyí tí wọ́n kàn da ìlẹ̀kẹ̀ lé gọ́ọ̀mù lórí kò ní ìlà kankan, yóò sì máa já bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ lára ògiri yín.