Access point Wi-Fi: gbígbé e kalẹ̀ àti ṣíṣe ètò rẹ̀

Access point, tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ń pè ní AP, jẹ́ ẹ̀rọ rédíò kékeré tó ń so fóònù, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn ohun èlò mìíràn tí kò ní wáyà mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó ní wáyà. Òun ló ń kéde orúkọ Wi-Fi tí fóònù ń rí, òun ló ń gba ẹ̀rọ wọlé tàbí tó ń dá a padà, òun náà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri. Fóònù méjì tó wà lórí AP kan náà kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà. AP ni alárinà wọn. Ìlànà tí ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ lé ni IEEE 802.11.

Iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì: èyí tí à ń ṣe pẹ̀lú àkàbà àti wáyà, àti èyí tí à ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Ti kejì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà máa ń fẹ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ ó dà bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn pé “Wi-Fi ò lọ”.

## AP àti ráútà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, AP kì í dá dúró. Àpótí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ráútà ló máa ń ní ráútà, swíìṣì (ibi tí wáyà àwọn ẹ̀rọ ti ń pàdé) àti AP nínú pa pọ̀. Ráútà ló ń so nẹ́tíwọọ̀kì kan mọ́ òmíràn, òun ló sì sábà máa ń pín àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Iṣẹ́ AP kò ju pé kó sọ ohun tó wà nínú wáyà di ìgbì rédíò, kó sì sọ ìgbì padà di ohun inú wáyà.

## Ìtàn ráńpẹ́

Ní 1985, FCC, àjọ tó ń bójú tó ètò rédíò ní Amẹ́ríkà, fàyè gba irú àwọn ẹ̀rọ rédíò kan láti lo báǹdì mélòó kan (apá kan nínú ìgbì rédíò) láìgba ìwé àṣẹ, 2.4 GHz sì wà lára wọn. Ìlànà 802.11 àkọ́kọ́ jáde ní 1997, iyára rẹ̀ kò sì ju mẹ́gábíìtì 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 802.11b tẹ̀ lé e ní 1999, ó gbé iyára náà dé 11. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Wi-Fi Alliance lónìí sílẹ̀. 802.11n dé ní 2009, 802.11ac ní 2013, 802.11ax ní 2021. Láti 2018 ni ẹgbẹ́ náà ti ń fi nọ́ńbà tó rọrùn pè wọ́n: Wi-Fi 4, Wi-Fi 5, Wi-Fi 6.

## Ibi tí a gbé e sí

Bí ìgbì rédíò bá ṣe ń rìn jìnnà ló ń rẹ̀ ẹ́. Ní gbangba tí ohunkóhun ò dí i lọ́nà, bí a bá sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin agbára tó wà tẹ́lẹ̀ ló kù. Inú ilé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó àti gíláàsì lásán kì í gba púpọ̀ lọ́wọ́ ìgbì. Bíríkì ń gbà jù wọ́n lọ. Kọnkéré tó ní irin nínú tún ju bíríkì lọ. Irin kì í jẹ́ kí ó kọjá rárá, ṣe ló ń dá a padà. Dígí ìwojú wà lára irin lójú ìgbì, torí pé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀. Omi náà ń mu ìgbì, ara èèyàn sì kún fún omi. Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn tí wọ́n dán Wi-Fi rẹ̀ wò lófìfo, tó sì dára, fi lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí èrò bá kún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé AP sí ni ibi tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé: kọ̀rọ̀ kan nínú pálọ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí AP bá wà ní kọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú ìgbì rẹ̀ lè máa jáde sí ìta, yàrá tó wà ní òdìkejì ilé ni kò ní tó. Wáyà Ethernet lè gùn tó mítà 100, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí AP wà níbi tí wáyà ti wọlé. Àárín ilé, lókè, kúrò lẹ́bàá irin, ló sàn jù. Ti iná mànàmáná kò sì ní láti dí èèyàn lọ́wọ́: láti 2003 ni ìlànà 802.3af ti jẹ́ kí wáyà kan náà gbé dátà àti iná pọ̀, wáàtì 15.4 láti ọ̀dọ̀ swíìṣì, 802.3at gbé e dé 30 ní 2009.

Eríàlì náà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń kọjú sí. Eríàlì ọ̀pá tó wà lóòró kì í tan ìgbì káàkiri bíi gílóòbù. Bí òrùka ńlá tó yí ọ̀pá náà ká ni: ó lágbára ní ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan ní góńgó. Ẹni tó bá wá na eríàlì sókè gan-an pé kó lè dé yàrá tó wà lórí òun, yàrá yẹn gan-an ló fi góńgó rẹ̀ kọ. Kó dá a dùbúlẹ̀ ló yẹ. AP pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún àjà, tí eríàlì rẹ̀ wà nínú, ń rọ ìgbì sísàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́. Tí a bá kàn án mọ́ ògiri, yàrá tó kọjú sí àti àwọn ilẹ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ni yóò máa fún, èyí sì lè má jẹ́ ohun tí a fẹ́.

## Báǹdì àti ìkànnì

Wọ́n pín báǹdì kọ̀ọ̀kan sí ìkànnì, ìyẹn àwọn ọ̀nà kéékèèké tí AP lè yàn láti sọ̀rọ̀. Báǹdì 2.4 GHz ní ìkànnì 1 sí 13 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, 11 ni wọ́n sábà máa ń dé. Japan ní ìkànnì 14 pẹ̀lú, fún 802.11b nìkan. Nọ́ńbà yìí ń tan èèyàn jẹ. Láti ìkànnì kan sí èkejì, MHz 5 péré ni (MHz 1000 ló ń jẹ́ GHz 1), ṣùgbọ́n ìgbì tí AP ń gbé jáde fẹ̀ tó nǹkan bí MHz 20. AP tó wà lórí ìkànnì 6, tí àárín rẹ̀ jẹ́ MHz 2437, ń tàn dé orí 4, 5, 7 àti 8. Nínú ìkànnì 11, mẹ́ta péré ni kì í fara kan ara wọn: 1, 6 àti 11.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Ẹnì kan fi áàpù wo àdúgbò, ó rí AP mẹ́ta lórí ìkànnì 1, mẹ́rin lórí 6, kò sí ẹnì kankan lórí 3, ó sì gbé tirẹ̀ sórí 3. Ó rò pé òun ti bọ́. Àwọn AP tó wà lórí ìkànnì kan náà ń gbọ́ èdè ara wọn: ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tẹ́tí, bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dúró díẹ̀ kí tirẹ̀ tó kàn. Èyí ni ìlànà CSMA/CA. Lójú ẹni tó wà lórí 3, ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lórí 1 àti 6 kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́. Ariwo lásán ni, kò lè kà á, kò sì lè bá wọn tò. Ó ti kó ara rẹ̀ sáàárín ìjà méjì. Kó bá àwọn ará ìkànnì 1 pín in ìbá sàn fún un.

Nítorí èyí kan náà, kò dára kí a fẹ ìkànnì 2.4 GHz dé MHz 40 níbi tí aládùúgbò bá pọ̀ sí. Báǹdì náà kò tilẹ̀ jẹ́ ti Wi-Fi nìkan: Bluetooth wà níbẹ̀, ààrò máíkírówéèfù sì ń dá ariwo sílẹ̀ níbẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ń gbé oúnjẹ gbóná.

5 GHz ní àyè jù ú lọ, ìgbì rẹ̀ kò kàn lè kọjá ògiri tó ti 2.4 GHz. Ìkànnì 36, 40, 44 àti 48 ni ọ̀pọ̀ AP fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti 52 lọ dé 144, àwọn rádà, pàápàá ti ojú ọjọ́, ń lo apá kan ibẹ̀, AP sì ní láti fún wọn láyè: yóò kọ́kọ́ tẹ́tí fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kó tó sọ̀rọ̀, bó bá sì gbọ́ rádà lẹ́yìn náà, á kó kúrò lórí ìkànnì yẹn. DFS ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tan AP, kò ní rí orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á pa á, á tún un tan, á sì máa bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn lákọ̀tun nígbà gbogbo.

Ìkànnì 5 GHz lè fẹ̀ dé MHz 20, 40, 80 tàbí 160. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni iyára ṣe ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ariwo tó ń gbà mọ́ra náà ń di ìlọ́po méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìkànnì tó kù fún ẹlòmíràn sì ń dín kù. Ní 2020, Amẹ́ríkà ṣí 6 GHz, láti MHz 5925 dé 7125. Orílẹ̀-èdè mìíràn ṣí gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó yan ìkànnì, ó yẹ kó ti yan orílẹ̀-èdè tó wà lójú ètò AP. Òun ló ń sọ ìkànnì tí òfin gbà àti agbára tí AP kò gbọdọ̀ kọjá.

## Agbára

dBm ni a fi ń wọn agbára AP. 20 dBm jẹ́ mílíwáàtì 100. Tí a bá fi 3 kún un, agbára di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e dé òpin láìronú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjíròrò ni Wi-Fi, kì í ṣe rédíò alágbèéká tó ń dá sọ̀rọ̀. Agbára fóònù sábà máa ń kéré sí ti AP. Bí AP bá pariwo gan-an, fóònù tó wà lọ́nà jíjìn á gbọ́ ọ, àmì Wi-Fi á kún lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n AP kò ní gbọ́ èsì rẹ̀. Àmì kún, ojú ewé kò ṣí.

Ohun tí fóònù ń gbọ́ náà ń wá ní dBm, òdì ni gbogbo rẹ̀. –50 dára gan-an. –67 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kì í fẹ́ kó rẹlẹ̀ sí níbi tí èèyàn yóò ti máa fi Wi-Fi pe ìpè. Ní –80, ó kù díẹ̀ kó já.

## Ojú ètò

Wáyà ló dára kí a fi so kọ̀ǹpútà mọ́ AP nígbà àkọ́kọ́, kí ètò tí à ń yí padà má baà já wa sílẹ̀. Àdírẹ́sì ojú ètò, bíi 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó, èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ yí padà.

Orúkọ nẹ́tíwọọ̀kì, SSID, kò gbọdọ̀ ju báìtì 32 lọ. Báìtì ni o, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà “r” jẹ́ báìtì 1, ṣùgbọ́n “ọ̀” tó ní ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn gba 5 nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà pamọ́, nítorí náà “Ọ̀rọ̀” nìkan ti gba 11. Orúkọ tó ní àmì ohùn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan lè máa fi í hàn ní wúruwùru.

Lórí Linux, ètò hostapd lè sọ kọ̀ǹpútà tó ní káàdì Wi-Fi tó yẹ di AP. Fáìlì rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ:

interface=wlan0
ssid=IleKawe
hw_mode=g
channel=6
wpa=2
wpa_key_mgmt=WPA-PSK
rsn_pairwise=CCMP
wpa_passphrase=

Iwájú ìlà ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ aṣínà ń wà. “g” túmọ̀ sí 2.4 GHz; “a” ni ti 5 GHz. Ẹni tó bá yí ìkànnì sí 36 tó gbàgbé “g” síbẹ̀, hostapd kò ní tan.

Ráútà àtijọ́ náà lè di AP. Nǹkan mẹ́ta ló gbà: pa DHCP rẹ̀ (ètò tó ń pín àdírẹ́sì), fún un ní àdírẹ́sì tí ẹnì kankan kò lò (bí ráútà àgbà bá jẹ́ 192.168.1.1, kó jẹ́ 192.168.1.2), kí o sì ki wáyà bọ ihò LAN rẹ̀ (ti nẹ́tíwọọ̀kì inú ilé), kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì). Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni DHCP. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń pín àdírẹ́sì, fóònù tó bá gba ti àgbà á rí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá gba ti àtijọ́ á sopọ̀ mọ́ Wi-Fi láìrí ọ̀nà jáde. Láàárọ̀ ó ń lọ, lálẹ́ kò lọ mọ́, ẹni tó ni ín á sì máa bá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì jà.

## Ààbò

WEP, ààbò àkọ́kọ́, ti fọ́ láti 2001 tí Fluhrer, Mantin àti Shamir ti fi àlébù rẹ̀ hàn. WPA rọ́pò rẹ̀ ní 2003, WPA2 ní 2004, WPA3 ní 2018. WPA2 tàbí WPA3 ló yẹ kí a yàn. 6 GHz kò tilẹ̀ gba WPA2. Ọ̀rọ̀ aṣínà WPA2 máa ń jẹ́ lẹ́tà 8 sí 63, gígùn rẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju dídíjú rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a pa PIN ti WPS, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà: nọ́ńbà 8 ni, ṣùgbọ́n nítorí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ní apá méjì, ìgbìyànjú 11,000 ti tó láti rí i, gẹ́gẹ́ bí a ti fi hàn ní 2011. Fífi SSID pamọ́ kì í ṣe ààbò. Fóònù tó ń wá a ń pe orúkọ rẹ̀ jáde. Ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń lo 802.1X, ìlànà tó ń yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kó tó wọlé, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀.

## Bí AP bá ju ọ̀kan lọ

Kí gbogbo wọn jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn bára mu, kí àwọn tó wà nítòsí ara wọn má sì lo ìkànnì kan náà. Fóònù ló ń pinnu ìgbà tí òun yóò fi AP kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, àwọn kan sì máa ń rọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìlànà 802.11k, r àti v ń ràn án lọ́wọ́ láti tètè kúrò. Dídín agbára AP kù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ aṣàtúngbé tó ní rédíò kan ṣoṣo ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà iyára máa ń dín kù tó nǹkan bí ìlàjì. Wáyà sàn jù ú lọ níbi tó bá ti ṣeé fà.

Orúkọ púpọ̀ lórí AP kan náà tún ní ohun tó ń náni. SSID kọ̀ọ̀kan ń kéde ara rẹ̀ nǹkan bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iyára tó kéré jù ló sì fi ń kéde, tó jẹ́ mẹ́gábíìtì 1 lórí ọ̀pọ̀ AP 2.4 GHz tí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Níbi tí AP mẹ́rin bá ti ń gbọ́ ara wọn lórí ìkànnì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ márùn-ún, ìkéde 200 ló ń gba afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ewé kankan.