Ibi tí èso máa ń sá pamọ́ sí nínú bíà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ bíà tí wọ́n fi èso ṣe wò, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé òun ò rí èso kankan níbẹ̀, ó kàn ń kan ni. Kò purọ́ o. Ṣúgà ló ń retí, torí látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, èso àti adùn ti di ọ̀kan náà lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé ṣúgà inú èso yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìwúkàrà tó ń sọ omi ọkà di ọtí, ṣúgà loúnjẹ ẹ̀, tí wọ́n bá ti da èso sínú àgbá nígbà tí ìwúkàrà ṣì wà láàyè níbẹ̀, kíá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì, ohun tó máa ṣẹ́ kù ò ju àwọ̀, kíkan, òórùn, àti bí èèpo èso ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀ díẹ̀.

Ẹ wo kriek, ìyẹn bíà tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì ṣe, tí wọ́n ń ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù, lágbègbè Brussels. Bíà kíkan kan tí wọ́n ń pè ní lambic ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fọwọ́ ara wọn da ìwúkàrà sí lambic rárá, àsìkò òtútù ni wọ́n máa ń sè é, wọ́n á wá tú omi ọkà gbígbóná yẹn sínú páànù ńlá kan tó fẹ̀ àmọ́ tí ò jìn, á wà níbẹ̀ mọ́jú kó lè tutù, ìwúkàrà tó ń fẹ́ kiri nínú afẹ́fẹ́ á sì bà lé e. Ó lè lo ọdún 1 sí ọdún 3 nínú àgbá onígi. Ṣẹ́rì kíkan ni wọ́n máa ń dà sí i, odindi, tòun ti kóró, á wá wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kóró yẹn ló ń fún kriek ní òórùn kan báyìí tó jọ álímọ́ńdì, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní wọ́n ti fi nǹkan míì sí i.

Àwọn tó ń dùn náà wà ṣá, oje èso tàbí ṣúgà ni wọ́n bù sí wọn lẹ́yìn tí ìwúkàrà ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Berliner Weisse, bíà kíkan kan ti Jámánì ńkọ́, inú ife gan-an ni wọ́n ti máa ń da síróòpù èso raspberry sí i.

Tí kò bá wá sí ṣúgà níbẹ̀, níbo lèèyàn ti máa rí èso? Nímú ni. Ahọ́n mọ dídùn, ó mọ kíkan, ó mọ kíkorò, ó mọ iyọ̀, àmọ́ kò mọ ṣẹ́rì yàtọ̀ sí máńgòrò. Kéèyàn fọwọ́ di imú pa, kó mu díẹ̀, kíkan nìkan ló máa wà lẹ́nu ẹ̀, tó bá gbé e mì tó wá jọ̀wọ́ imú báyìí, tó mí síta, ṣẹ́rì á yọ lójijì bíi pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọ̀nà kan ló wà lẹ́yìn ọ̀fun tó lọ sí ihò imú, ooru ẹnu àti gáàsì tó ń hó ló ń gbé òórùn èso gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó gbé e mì tó sì ya ẹnu mí ti pàdánù ibi tó dáa jù.

Òtútù náà máa ń dí òórùn èso lọ́wọ́. Bíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì ti di òórùn ẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ díẹ̀ títí á fi tó bíi digíríì 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n dà á sí ife tí ẹnu ẹ̀ pa dé díẹ̀, kó má kún, kí òórùn lè ráyè kóra jọ lókè ẹ̀. Inú ìgò kọ́, imú ò ráyè níbẹ̀. Kí ife náà má lọ́ràá lára o, ọ̀rá máa ń pa ìhó ẹ̀, ìhó yẹn sì wà lára ohun tó ń gbé òórùn jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kéèyàn fi imú fà á, torí òórùn máa ń tètè sú imú. Kò sì dáa kéèyàn torí ohun tó kọ́kọ́ mu dá a lẹ́jọ́, kíkan yẹn máa ń já ẹnu láyà, ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń sọ òótọ́. Tó bá ń rùn bíi páálí tó rin, ó ti pẹ́ jù nílẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Tó bá sì tán, kí wọ́n má tíì fọ ife. Kéèyàn fàtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kó wá ṣí i, kó gbóòórùn ẹ̀.